Ìmọ̀ràn lórí eré chamber music tí àwa olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ orin fẹ́ ṣe ní Ìbàdàn

Olùkọ́Cello

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ orin. Ilé-ẹ̀kọ́ orin aládàáni kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ni ní cello. Ọ̀gá wa ti pinnu pé ní oṣù Kọkànlá, àwa olùkọ́ fúnra wa ni a ó gun orí ìtàgé, kì í ṣe àwọn ọmọ, chamber music nìkan ni a ó sì ṣe: ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, tí oníkálukú di ohùn tirẹ̀ mú, láìsí olùdarí níwájú wa. Inú mi dùn sí i gidigidi. Àwọn ọmọ wa máa ń gbọ́ wa nígbà tí a bá ń tọ́ wọn sọ́nà lórí ìlà kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì rí olùkọ́ wọn kí ó jókòó ṣe odidi iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan ń kọ mí lóminú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣáájú ibí ṣe irú eré yìí. Ó gbà ju wákàtí méjì lọ, nígbà tí a sì fi máa padà láti ibi ìsinmi àárín eré, ìlàjì àga ti ṣófo. Ẹ̀wẹ̀, gbọ̀ngàn ìjọ kan ni a ó lò. Píánò ńlá kan wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe kẹ́yìn. Àwa tí a wà nílẹ̀ ni olùkọ́ fayolíìnì méjì, olùkọ́ viola kan, èmi lórí cello, olùkọ́ píánò, olùkọ́ kílárínẹ́ẹ̀tì, àti àǹtí kan tó ń kọ́ni ní orin kíkọ, tí ohùn òkè jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀gá wa fẹ́ kí a fi iṣẹ́ Schubert tí wọ́n ń pè ní Trout kádìí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí níyànjú lórí ohun tí a lè ṣe àti bí ó ti yẹ kí ó gùn tó, lórí píánò náà, àti lórí ohun tí ó yẹ kí a sọ fún àwọn ènìyàn nípa àtẹ́wọ́ láàrin apá kan àti èkejì nínú iṣẹ́ kan náà.

AtúnPíánòṢe

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Iṣẹ́ títún ohùn píánò ṣe ni mo ń ṣe ní Èkó, nítorí náà píánò yẹn ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ eré kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Pátákó fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ okùn píánò, èyí tó ń gbé ohùn jáde, máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu. Nígbà òjò yóò wú, yóò ti okùn sókè, ohùn yóò sì gòkè, pàápàá láàrin gbùngbùn píánò. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, yóò gbẹ, yóò sọ̀ kalẹ̀, ohùn yóò sì bá a wálẹ̀. Oṣù Kọkànlá ní Ìbàdàn gan-an ni ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ bọ̀, nítorí náà píánò tí wọ́n bá tún ṣe ní oṣù Kẹsàn-án kò ní dúró síbi tí wọ́n fi sí.

Ẹ̀ẹ̀mejì, ó kéré tán, ni kí ẹ pe ẹni tí yóò tún un ṣe. Ti àkọ́kọ́ ni ìsinsìnyí, kí ẹ lè mọ bí ohùn A rẹ̀ ti jìnnà tó sí 440, ìyẹn iye ìgbà tí ó yẹ kí okùn A máa gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí okùn tó fẹ́ já sì tètè já nígbà tí àyè ṣì wà láti pààrọ̀ rẹ̀. Píánò tí ohùn rẹ̀ bá ti wálẹ̀ gidi kò ṣeé fà gòkè lẹ́ẹ̀kan kí ó sì dúró, nítorí pé bí a ti ń fa àwọn okùn kan le, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a ti kọ́kọ́ fà ń dẹ̀. A máa ń fa gbogbo rẹ̀ gòkè ná láìṣe kínníkínní, a ó jẹ́ kí ó sinmi, kí a tó wá padà fi etí gidi tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì ni òwúrọ̀ ọjọ́ eré, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn gẹ́gẹ́ bí yóò ti wà ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń mójú tó gbọ̀ngàn sábà máa ń fẹ́ dúró kí àlejò máa wọlé kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ náà, nítorí owó epo. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òwúrọ̀ yóò ti bàjẹ́ kí eré tó dé ìdajì. Kí píánò náà má sì wà lábẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn jáde, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.

Ẹ fúnra yín lè yẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ yọ ìka, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò padà sókè fúnra rẹ̀. Èyí tó bá dúró sísàlẹ̀, ọ̀rinrin ló mú kí aṣọ kékeré nípọn-nípọn tó wà nínú ihò igi rẹ̀ wú, tó fi há. Ẹ má ṣe da òróró sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n WD-40 sí i. Yóò yọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kílárínẹ́ẹ̀tìIfẹ̀

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí AtúnPíánòṢe sọ, àfikún kan ni mo ní, ó sì ṣe pàtàkì fún yíyan iṣẹ́. Àwọn ọlọ́kùn lè tẹ̀ lé píánò lọ sísàlẹ̀. Wọn yóò kàn dẹ okùn díẹ̀ ni. Kílárínẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ohun èlò afẹ́fẹ́ máa ń gòkè bí yàrá bá ti ń gbóná, nígbà tí okùn fayolíìnì ń wálẹ̀ nínú ooru kan náà. A lè fa ìsopọ̀ òkè jáde díẹ̀ kí ohun èlò náà lè gùn sí i, ṣùgbọ́n bí a bá fà á jù, àwọn nóòtì tó wà nítòsí ọrùn rẹ̀ yóò wálẹ̀ ju ìyókù lọ, kò sì sí ẹnu tó lè tún un ṣe tán. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ orúkọ iṣẹ́ kankan sínú ètò, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kílárínẹ́ẹ̀tì yín gbé ohun èlò rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn náà, kí ó fọn ọ́n títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ó wá fi í wé píánò.

Trout kò ṣeé ṣe pẹ̀lú àwọn tí ẹ kà sílẹ̀. Schubert kọ ọ́ ní 1819 fún píánò, fayolíìnì kan, viola, cello àti double bass, ọlọ́kùn ńlá tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù. Ẹ kò ní double bass, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́fayolíìnì yín yóò sì jókòó lásán. Ẹ wo trio tí Mozart kọ ní 1786 fún kílárínẹ́ẹ̀tì, viola àti píánò, èyí tí wọ́n ń pè ní Kegelstatt. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Mozart kan, Franziska von Jacquin, ni ó kọ ohùn píánò rẹ̀ fún, Mozart fúnra rẹ̀ sì ni ó di viola mú nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, pẹ̀lú Anton Stadler lórí kílárínẹ́ẹ̀tì. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn tó bá ilé-ẹ̀kọ́ mu jù ú lọ.

ÌyáAkẹ́kọ̀ọ́

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, èmi kì í ṣe olórin, ọmọ mi ni ó ń kọ́ fayolíìnì. Ohun tó ń lé àwa òbí jáde kì í ṣe orin náà. Ẹ pè wá fún aago mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún kọjá. Láàrin iṣẹ́ kan àti èkejì, ẹ gbé àga wọlé, ẹ gbé àga jáde, ẹ tún okùn ṣe, kò sí ẹni tó bá wa sọ ohunkóhun. Àwọn ọmọ ti fi ebi jókòó láti ìgbà náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lásìkò, ẹ sọ ohun tí a fẹ́ gbọ́ fún wa ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì jẹ́ kí á gbọ́ ohun kan tí a mọ̀ rí. Bí ẹ bá ṣe èyí, a ó jókòó.

AráLọ́ńdọ̀nù

Ìyá, ẹ ṣeun fún òtítọ́ ọ̀rọ̀. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo ń gbé, mo sì máa ń lọ sí àwọn eré ọ̀sán. Wákàtí kan ni, kò sí ìsinmi láàrin, ènìyàn sì ń jáde pẹ̀lú ìfẹ́ láti padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ọ̀sán Ajé ní Wigmore Hall, gbọ̀ngàn kékeré tí wọ́n ṣí ní 1901, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 552. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n ti kó àwọn àwòrán kúrò ní National Gallery tí àwọn gbọ̀ngàn orin sì ti pa, Myra Hess tó jẹ́ atẹpíánò bẹ̀rẹ̀ eré ọ̀sán níbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1939, ó sì ń bá a lọ títí di 1946. Ṣílè kan ni owó ìwọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, sójà àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń tò sórí ìlà fún un.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ mú trio Haydn ní G, ti 1795, fún fayolíìnì, cello àti píánò, nítorí pé apá ìkẹyìn rẹ̀ ń sáré bí ijó àwọn ará Hungary, kò sì sí ọmọ tí kò ní gbé orí sókè nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Rebecca Schroeter, tó ń kọ́ píánò lọ́dọ̀ rẹ̀ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Haydn kọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọlọ́kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe iṣẹ́ tí Dvořák kọ ní Iowa ní 1893, tí wọ́n ń pè ní American. Nípa àtẹ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ètò gbangba-gbangba pé kí wọ́n dúró títí iṣẹ́ kan yóò fi parí. Bí a kò bá kọ́ ènìyàn, wọn kò ní mọ̀.

ọ́gàànù_Marina

Mo ti pẹ́ nídìí ọ́gàànù ìjọ ní Èkó, ẹ jẹ́ kí n ta ko ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ohun méjì.

Ní ti àtẹ́wọ́, àṣà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kò dàgbà tó orin náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe síńfónì Mozart ní Paris ní 1778, ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ nígbà tí apá àkọ́kọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, nítorí ibì kan tí òun ti mọ̀ pé yóò dùn mọ́ wọn, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi. Àwa Yorùbá kì í gbọ́ ohun tó dùn kí á dákẹ́. Ẹ má fi ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò yín. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn apá kan, ẹ tẹ orí ba díẹ̀ lórí ìjókòó yín, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ó dákẹ́ lóòótọ́, bí ìgbà tí apá jẹ́jẹ́ bá fẹ́ wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e, kí ọlọ́fayolíìnì àkọ́kọ́ má sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ara rẹ̀ yóò sọ fún wọn.

Èkejì ni pé nínú gbogbo ètò tí ẹ tò sílẹ̀ títí di báyìí, kò sí ọmọ wa kan ṣoṣo. Ní Ìbàdàn! T.K.E. Phillips wà nídìí ọ́gàànù Christ Church ní Marina láti 1914 títí di 1962, Fela Sowande àti Ayọ̀ Bánkọ́lé sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kí ohùn orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, kí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ má baà ṣi ara wọn. Bánkọ́lé, tó kú ní 1976, kọ orin Yorùbá mẹ́ta fún ohùn àti píánò, wọ́n kúrú, wọ́n sì lẹ́wà. Bí wọn kò bá bọ́ sí ibi tó rọ àǹtí yín lọ́rùn, kí atẹpíánò yín gbé e gòkè. Gbogbo ẹni tó bá jókòó nínú gbọ̀ngàn náà ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsí ìtumọ̀ kankan. Ẹ̀yin kò ní rí ìwé rẹ̀ ní ibi tí a ti ń wa Mozart àti Haydn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ béèrè ní àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì wa, kí ẹ sì gba àṣẹ bó ti yẹ.

Fún ohun tí Ìyá béèrè, pé kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀, mo ní èyí tó dára ju trio yẹn lọ. Apá kejì nínú iṣẹ́ ọlọ́kùn mẹ́rin tí Haydn kọ ní 1797, opus 76, nọ́ńbà 3, ni ohùn orin tí àwọn ìwé orin ìjọ ń pè ní Austria. Kò sí ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kò tíì kọ ọ́ rí. Haydn kò yí ohùn náà padà. Ó kàn ń gbé e fún oníkálukú ni. Fayolíìnì àkọ́kọ́ ni ó kọ́kọ́ mú un wá. Lẹ́yìn náà fayolíìnì kejì gbà á, cello gbà á, viola gbà á, ó sì padà sọ́dọ̀ fayolíìnì àkọ́kọ́. Ẹ sọ èyí fún àwọn òbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wo bí ojú wọn yóò ti máa tẹ̀ lé e láti àga dé àga.

Olùkọ́Ọ̀dọ́_Òṣogbo

Ẹ kú ọgbọ́n, sà. Ṣé wọn kò lè ṣe African Suite ti Sowande náà? Ọlọ́kùn ni wọ́n kọ ọ́ fún.

ọ́gàànù_Marina

Ọmọ mi, ọlọ́kùn púpọ̀ ni, pẹ̀lú háàpù. Sowande kọ ọ́ ní 1944 fún ẹgbẹ́ ọlọ́kùn ńlá, kì í ṣe fún ẹni mẹ́rin. Bí ẹni mẹ́rin bá gbé e, ibi tí ohùn ti pín sí ọ̀nà púpọ̀ yóò ṣófo. Ẹ fi í sílẹ̀ de ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní ẹgbẹ́ ọlọ́kùn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ mú mi rántí Samuel Coleridge-Taylor, tí bàbá rẹ̀ wá láti Sierra Leone. Nínú orin 24 tó tẹ̀ jáde fún píánò ní 1905, ọ̀kan ń jẹ́ Olóba, ohùn orin Yorùbá sì ni. Victoria Randle, ìyàwó Dókítà John Randle ti Èkó, ni ó fún un ní ohùn náà. Ó kúrú, olùkọ́ píánò lè dá a tẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá ń tún ìjókòó tò, àga gbígbé tí ó ń bí Ìyá nínú kò sì ní hàn mọ́.

AráLọ́ńdọ̀nù

Mo gba ti Bánkọ́lé àti Olóba pẹ̀lú ọpẹ́, ó sì yẹ kí n ti dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má ṣe yọ apá kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ Haydn kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ó kọ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n lè jọ rìn ni, olùkọ́ tó bá sì gé e níwájú akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ wọn pé ó ṣeé gé.

Fayolíìnì_Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdánrawò, nítorí pé ibẹ̀ ni irú eré yìí ti ń yè tàbí kú. Àwọn olùkọ́ jẹ́ ẹni tí ọwọ́ wọn dí. Oníkálukú mọ ohun èlò rẹ̀ dáadáa, nítorí náà wọ́n máa ń rò pé ìpàdé méjì ti tó. Kò tó. Ìṣòro chamber music kì í ṣe nóòtì, bí kò ṣe ẹni tí yóò mí kí àwọn yòókù tó wọlé, ẹni tí yóò dín ohùn rẹ̀ kù nígbà tí viola bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, àti ibi tí gbogbo wa yóò ti jọ fà á díẹ̀ kí ó tó parí. Ẹ yan ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kí ó má sì yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó sún mọ́ra débi tí ẹ fi lè gbọ́ èémí ara yín. Kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé sí ìdánrawò kan tàbí méjì, kí wọ́n gbọ́ bí àwọn àgbà ti ń ṣe àtúnṣe ara wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo rò pé wọn yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀ ju ní ọjọ́ eré lọ.

Nítorí náà, mo lòdì sí Dvořák. Ìṣẹ́jú bí 25 ni, viola nìkan ni ó kọ́kọ́ mú ohùn àkọ́kọ́ wá, àwọn mẹ́rin tí kò tíì jọ ṣiṣẹ́ rí kò sì ní rí i tò láàrin oṣù mélòó kan pẹ̀lú iṣẹ́ kíláàsì. Lórí Haydn, mo wà lẹ́yìn ọ́gàànù_Marina. Ní ayé Haydn gan-an, wọ́n máa ń fi orin ẹnu sáàárín apá iṣẹ́ ńlá láìsí ẹni tó bínú. Apá kan tó mọ́ gaara sàn ju mẹ́rin tó ń gbọ̀n lọ.

Trio Haydn ní G dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹni tó dá ìjíròrò yìí sílẹ̀: ọwọ́ òsì píánò ni cello ń tẹ̀ lé ní ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀. Beethoven, opus 11, ni kí ẹ wò, fún kílárínẹ́ẹ̀tì, cello àti píánò. Ó tẹ̀ jáde ní 1798, ìṣẹ́jú bí 20 ni, cello ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ nínú apá kejì rẹ̀, apá ìkẹyìn sì jẹ́ oríṣiríṣi àrà lórí ohùn orin eré ìtàgé kan tí gbogbo ìgboro Vienna ń kọ nígbà náà. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé Beethoven gbà kí fayolíìnì rọ́pò kílárínẹ́ẹ̀tì. Bí píánò gbọ̀ngàn náà bá kọ̀ tí kò gòkè, ẹ ṣì ní ọ̀nà.

Àwọn nǹkan kéékèèké kù. Bí fáànù bá wà ní títàn, ìwé orin yóò fò. Ẹ ra pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ sórí okùn, méjì fún ibi ìgbéwèé kọ̀ọ̀kan, ti igi ni kí ẹ rà, torí ti ike máa ń ta dànù. Kí ẹni tí yóò máa ṣí ìwé fún atẹpíánò jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ nóòtì kà, kí ó sì wá sí ìdánrawò. Kí ọ̀gá yín sì fún àwọn olùkọ́ ní owó ọkọ̀ fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ni.

ỌmọÀyàn

Ìdílé onílù ni wọ́n ti bí mi, mo sì ń kọ́ píánò ní yunifásítì. Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ Akin Euba. Ó kọ Igi Ńlá Ṣo ní 1963 fún píánò àti àwọn ìlù Yorùbá, chamber music ni ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, nítorí pé kò sí ẹni tó ń sin ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Euba fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí píánò yóò ti máa lu ara rẹ̀ bí ìlù wa, ó sì kọ́ni ní Ifẹ̀ kí ó tó lọ sí Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ó kú ní 2020.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ gbọ́ ohun tí ó ń fa ìjà. Ìlù dùndún nínú gbọ̀ngàn ìjọ tí ògiri rẹ̀ jẹ́ kọnkéré yóò bo píánò mọ́lẹ̀. Kí àwọn onílù jókòó sẹ́yìn ìdérí píánò tí a ṣí sílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n má ṣe wà níwájú rẹ̀. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kí ìyáàlù fa ọsán rẹ̀ bó ti yẹ nínú gbọ̀ngàn náà gan-an, nítorí pé awọ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀pọ̀ onílù ilé wa kì í ka nóòtì; èyí kì í ṣe àléébù. Kí atẹpíánò há apá tirẹ̀ sórí, kí ojú rẹ̀ wà lára onílù, kí ó sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo tẹ ìlà náà fún un títí yóò fi wọ̀ ọ́ létí. Ẹ má pe onílù ní ọjọ́ mẹ́ta sí eré kí ẹ ní kí ó wá fi kún un. Bí kò bá sí àyè fún ìdánrawò pípé pẹ̀lú wọn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò yìí.

Ẹnjiníà_Bódìjà

Lórí iná: ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí iná ìjọba bá lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láàrin orin. Ẹ tan án kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì wà lẹ́yìn ilé kejì bí okùn wáyà bá gùn tó. Àtùpà ibi ìgbéwèé ni kí ẹ so mọ́ bátìrì, kí òkùnkùn má baà dá wọn dúró bí jẹnẹrétọ̀ bá kú. Ẹ lọ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn nígbà ìdánrawò kí ẹ tẹ́tí sí ariwo ẹ̀rọ amúlétutù fúnra rẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ẹ pa èyí tó súnmọ́ ìtàgé, kí ẹ jẹ́ kí ti ẹ̀yìn máa ṣiṣẹ́.

Olùkọ́Cello

Ọlọ́run yóò san án fún gbogbo yín. A lọ sí gbọ̀ngàn náà pẹ̀lú olùkọ́ kílárínẹ́ẹ̀tì. A ti yọ Trout, ọ̀gá wa sì gbà lẹ́yìn tí mo fi ọ̀rọ̀ Kílárínẹ́ẹ̀tìIfẹ̀ hàn án. A ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú apá kejì Haydn yẹn, kí àwọn ènìyàn lè gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Olóba yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà orin Bánkọ́lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Beethoven ni yóò sì kádìí rẹ̀. Kò ní kọjá wákàtí kan, kò sí ìsinmi láàrin, a kò sì ní kọ ìkìlọ̀ kankan nípa àtẹ́wọ́. Igi Ńlá Ṣo wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n ỌmọÀyàn ti sọ òtítọ́, a kò ní àyè tó. Ọ̀gá wa ti ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn onílù fún ọdún tó ń bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí a fi fóònù wọn píánò náà, A rẹ̀ wà ní nǹkan bí 432. Kílárínẹ́ẹ̀tì kò lè dé ibẹ̀. Ṣé kí a fà á gòkè dé 440, àbí kí a fi í sílẹ̀ kí fayolíìnì gba iṣẹ́ Beethoven?

Kílárínẹ́ẹ̀tìIfẹ̀

432 ti wálẹ̀ jù. Bí wọ́n bá lè gbé e dé 438 péré, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà ní títàn, olùkọ́ yín yóò rí i ṣe.

AtúnPíánòṢe

Láti 432 dé 440 jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ààyè tó wà láàrin kọ́kọ́rọ́ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n kò burú jù fún píánò tí okùn rẹ̀ bá ṣì dára, bí a bá pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tí a sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà láàrin. Okùn ni yóò pinnu. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ tan fóònù sí ibi tí okùn ti yí mọ́ irin tí a fi ń fà á. Bí ẹ bá rí ìpẹtà pupa lórí ibi tó ti yí, tàbí tí okùn bàbà tó wà ní apá òsì ti ń dúdú, tí ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, mi ò ní fà á kọjá 435, fayolíìnì ni kí ó gba iṣẹ́ náà. Bí irin bá ṣì ń dán, ẹ pè mí kí oṣù yìí tó parí. Ẹ ya àwòrán apá òsì, àárín àti apá ọ̀tún ní títóbi, kí ẹ fi wọ́n síbí ná.